Nọ́ńbà Ẹṣin Alága

Ẹṣin méjìlá ló wà nínú ìwé ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin àdúgbò Rumuodara, kò sì sí ẹnì kan nínú àwọn tó ni wọ́n tó fẹ́ gba nọ́ńbà ìjọba.

Nọ́ńbà ọ̀hún ò ju hóró ìrẹsì lọ. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń tì í sábẹ́ awọ ọrùn ẹṣin. Tí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ kọjá lórí rẹ̀, ẹ̀rọ á dún fíì, á sì sọ ẹni tó ni ẹṣin. Ayọ̀bámi, dókítà ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti Òṣogbo, ni ọ́fíìsì ìjọba tó wà ní D-Line rán níṣẹ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ni gbèdéke. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹṣin tí kò bá ní nọ́ńbà ò gbọdọ̀ dé títì mọ́, bẹ́ẹ̀ orí títì ni àwọn ẹlẹ́ṣin yìí ti ń jẹun: wọ́n á gbé ìyàwó, wọ́n á gbé olóyè tuntun, wọ́n á gbé ọmọdé yípo pápá.

Ojú Alága ni gbogbo wọn ń wò. Alhaji Mùbárákù ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ìlọrin ni bàbá rẹ̀ ti wá. Ìjánu ẹṣin kì í kúrò léjìká rẹ̀, ì báà máa lọ sí mọ́ṣáláṣí, ì báà máa lọ ra búrẹ́dì.

“Lónìí, nọ́ńbà,” ló wí nípàdé ọjọ́ Ajé. “Lọ́la, owó orí. Lọ́túnla, wọ́n á ní kí Ìjì wá dìbò!”

Ìjì ni ẹṣin rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

“Dókítà, no vex,” ni Abdulwahab akọ̀wé wí. “Alága ti sọ̀rọ̀. Tí Ìjì ò bá gbà á, tiwa náà ò ní gbà á.”

Nígbà tí Ayọ̀bámi ń jáde, ó rí ọkùnrin kan tó jókòó sórí àga lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó ń na ọrùn wo inú ilé.

“Ẹ̀gbọ́n yìí ńkọ́?”

“Tonye nìyẹn,” ni Abdulwahab wí. “Ẹṣin rẹ̀ kú lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ẹni tí kò lẹ́ṣin ò ní ìjókòó, òfin ẹgbẹ́ ni. Alága fúnra wọn ló gbé àga rẹ̀ síta.”

“My sister, na so we see am o,” ni Tonye wí, ó sì juwọ́ sí i. Àánú rẹ̀ ṣe Ayọ̀bámi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó pàdé Alhaji létí títì tó ń fi àdá gé koríko, òógùn bò ó. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó bá a gbé koríko sínú kẹ̀kẹ́, ó sì bá a délé. Ewúrẹ́ mẹ́ta tó sanra bí àpò ìrẹsì sáré pàdé wọn. Alhaji ò lé wọn.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè rí Ìjì?”

“Ó ń sùn.”

“Láago mẹ́jọ àárọ̀?”

“Àgbà ti dé sí i, ọmọ mi. Nígbà Iléyá tó kọjá gan-an, àwọn tó kù gun tiwọn. Èmi fẹsẹ̀ rìn níwájú. Alága kì í gùn, ó ń darí ni.”

Àgádágodo ńlá wà lẹ́nu ilé ẹṣin. Ayọ̀bámi wo ilẹ̀ iwájú rẹ̀. Wọ́n ti gbá a mọ́ tónítóní bí iwájú mọ́ṣáláṣí. Ó dúpẹ́, ó sì lọ.

Nígbà tó fi di àárọ̀ Jímọ̀, ọkàn àwọn ẹlẹ́ṣin ò balẹ̀ mọ́. Wọ́n fa ẹṣin mọ́kànlá wá sí àgbàlá Alága, Tonye náà sì tẹ̀lé wọn.

“Alága, ọ̀la ni mo fẹ́ gbé ìyàwó,” ni Abdulwahab wí. “Ẹ jẹ́ ká fi Ìjì dán an wò. Tí kò bá ṣe é ní nǹkan, gbogbo wa á gbà.”

“Ẹ mú Ìjì jáde!” ni àwọn tó kù ń wí.

“Ìjì ò fẹ́ èrò,” ni Alhaji wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ó di ìjánu mú gírígírí.

“Bàbá,” ni Ayọ̀bámi wí, “ẹ jẹ́ kí èmi nìkan bá yín wọlé. Kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀lé wa o, kó má baà tani nípàá.”

Alhaji ṣí àgádágodo. Wọ́n wọlé, ilẹ̀kùn padé.

Abdulwahab gbé etí lé pákó, kò gbọ́ nǹkan kan. “Àbí ó ti ta dókítà pa ni?” Bó ṣe wí bẹ́ẹ̀ tán ni ẹ̀rọ dún fíì! Wọ́n hó yèè.

Ayọ̀bámi jáde, ó ń nu jànkáríwọ̀ kúrò lórí.

“Nọ́ńbà kìn-ín-ní nìyẹn.”

“Kò ta yín?” ni Abdulwahab wí.

“N kò rí ẹṣin tó ṣe jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Kò mira rárá.”

“Ìjì! Ẹ ò rí nǹkan! Atẹ́gùn lásán ò tiẹ̀ fẹ́!”

Alhaji jáde tẹ̀lé e. Ojú rẹ̀ pọ́n, ìjánu ò sí léjìká rẹ̀ mọ́.

“Ẹ gbé àga Tonye padà sínú ilé ìpàdé,” ló wí.

“Alága, òfin ńkọ́?”

“Mo ti pa á rẹ́. Ẹni tó bá ti lẹ́ṣin rí, tiwa ni.”

“Chairman, wetin happen?” ni Tonye wí.

“Máa bọ̀ jàre, ọ̀rẹ́ mi. Dárí jì mí.”

Kí wọ́n tó pe ìrun Jímọ̀, ẹṣin mọ́kànlá ti gba nọ́ńbà tiwọn, ti Abdulwahab ló sì kọ́kọ́ na ọrùn sílẹ̀.

Nọ́ńbà kìn-ín-ní ṣì wà níbi tí Ayọ̀bámi fi abẹ́rẹ́ tì í sí lọ́jọ́ náà, nínú gàárì tó dá wà nílé ẹṣin Alága, nítorí Ìjì ti kú láti ọdún méjì sẹ́yìn, oṣù kan péré lẹ́yìn tí Alhaji Mùbárákù gbé àga Tonye síta.