Ìfọ́n Ni Mo Fi Orúkọ Rẹ̀ Pamọ́

Bátìrì fóònù Adéoyè, àbúrò mi, kú níwájú ilé mi ní Ìlobù. Mo yá a ní tèmi kó fi pe mẹkáníìkì tó máa tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe.

Kò pe mẹkáníìkì. Àwọn nọ́ńbà tí mo ti pè ló ń tú wò.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ni 'Ìfọ́n' tí ẹ ń pè lójoojúmọ́? Oṣù méjì péré tí ìyàwó yín kú, ẹ ti rí òmíràn?"

Ó ti rẹ̀ mí.

Fóònù dún. Ìfọ́n ni.

"Má gbé e."

Ó ti gbé e.

"Àna mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o."

Ojú ti Adéoyè. Ó mọ ohùn ìyá ìyàwó mi tó ń gbé ní Ìfọ́n. Ó dọ̀bálẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ń wò ó.

"Ìyá, ẹ kú ọ̀fọ̀ Àyìnkẹ́ o."

Ìyá ní:

"Ẹ ní ó ń sùn lánàá."