Ohùn Tó Dáhùn Lẹ́nu Ọ̀nà

"Predecessor!" Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì fi ṣọ́ọ̀kì kan pátákó. "Ẹni tó wà nípò kan kí ìwọ tó débẹ̀. Kí ni òdìkejì rẹ̀?"

Ọdún 1984 ni, ní ilé ìwé kan ní Ìbà, ìdánwò àṣekágbá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

"Ancestor, sà," Àrínọlá dáhùn.

"Ancestor kẹ̀? Ìyẹn náà ti kọjá lọ. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni mò ń wá."

Ohùn kan dáhùn láti ẹnu ọ̀nà: "Successor, sà."

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ táì ló dúró síbẹ̀, lẹ́tà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"O káre! Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Májẹ́kódùnmí ni mí. Mo jáde níbí ní 1974."

Inú tíṣà dùn, ó lọ dì mọ́ ọn. "O mà ti dàgbà o! Kí lo wá ṣe?"

Májẹ́kódùnmí kò lè wo ojú rẹ̀. Ó na lẹ́tà náà sí i. "Ọ̀gá ilé ìwé ní kí n fún yín, sà."

Tíṣà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ tó ti ṣe fún ọdún mọ́kànlélógún parí lọ́jọ́ náà, orúkọ ẹni tó máa gbà á sì wà nísàlẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Mi ò mọ̀ pé ipò yín ni mo máa gbà, àfi ìgbà tí mo gbọ́ ohùn yín."

Tíṣà ká lẹ́tà náà sápò. "Ẹ dìde," ó sọ fún kíláàsì. "Ẹ kí tíṣà yín."

Gbogbo wọn dìde, wọ́n kọjú sí tíṣà tó ti ń kọ́ wọn. "Good morning, sir!"

"Èmi kọ́," ló wí, ó sì nawọ́ sí Májẹ́kódùnmí.