Ẹgbẹ́ Tí Salaudeen Yàn fún Hikmah

Ẹgbẹ́ méjì ló fẹ́ gba Hikmah, ó sì ku ọjọ́ mẹ́rin kí àwọn méjèèjì dẹ́kun gbígba orúkọ. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ó ti ga ju bàbá rẹ̀ lọ, bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ló sì gbà á lọ́kàn. Ẹgbẹ́ tó bá wọ̀ ni yóò máa bá rìnrìn-àjò ìdíje káàkiri ilẹ̀ Saudi, láti Táífù dé Dàmáàmù. Bí Àlàmísì bá fi kọjá láìsí orúkọ rẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀.

"Bàbá, èyí tó bá ti wù yín, ẹ ṣáà yàn án. Yallah!"

Salaudeen, bàbá rẹ̀, kì í ṣáà yan nǹkan. Ẹnjiníà ni ní Jẹ́dà, ṣùgbọ́n ilé kéwú ló kọ́kọ́ kọ́ ọ, òun ló sì ń ṣe wáàsí fún àwọn Yorùbá àdúgbò Baghdadiyah nírọ̀lẹ́ Jímọ̀. Ó ti sọ ọ́ nínú wáàsí lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé bí òun bá bá èèyàn jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, òun á mọ ibi tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ dé. Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù: kí ọmọ rẹ̀ má lọ gbé ìrun sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Nítorí náà, ó kọ ìbéèrè mẹ́tàlá sínú ìwé.

"Mẹ́tàlá?" ni Ṣìkẹ́ ìyàwó rẹ̀ wí. "Èmi tí o fẹ́ ńkọ́, mélòó lo bi mí?"

"Ìyá Hikmah, ojú rẹ ni mo wò tí mo ti mọ̀."

"Ojú mi ò sì sọ fún ọ pé mi ò mọ ọbẹ̀ sè."

Ẹgbẹ́ kìíní ní gbọ̀ngàn tó tutù bí inú fìríìjì. Shahad, obìnrin ọmọ Saudi, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Salaudeen jókòó ti ògiri pẹ̀lú àwọn bàbá yòókù. Bọ́ọ̀lù kan yí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ gbá a padà, gbogbo gbọ̀ngàn sì yíjú wò ó. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Àlásárì, Shahad jẹ́ kí eré lọ fún ìṣẹ́jú méjì sí i kó tó fọn fèrè. Bọ́ọ̀lù ló tẹjú mọ́ bó ṣe ń dáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá. Salaudeen kọ ọ́ sílẹ̀: *Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ò múlẹ̀.*

"Bàbá, Mẹ́kà ni wọ́n bí i o," ni Hikmah wí.

"Ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n bí èèyàn kọ́."

Ẹgbẹ́ kejì ń lo ọgbà ilé ìwé kan ní àdúgbò Ammariyah, sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ rẹ̀ sì ti sán. Yorùbá ni akọ́nimọ̀ọ́gbá tiwọn, Oyíndà, tó ti ń ṣe tíṣà ní Jẹ́dà fún ọdún mẹ́jọ. Àbáyà rẹ̀ wọ́lẹ̀, ìborí rẹ̀ ò yẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Salaudeen.

"Àlàájà, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Oyíndà ni kí ẹ máa pè mí, sà. Mi ò tó ẹni tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀: *Onírẹ̀lẹ̀.*

"Bí àkókò ìrun bá bá yín nínú bọ́ọ̀sì ńkọ́?"

"A máa dúró, sà. Kí a tó gbéra ni mo ti máa ń wá ilé epo tó ní mọ́sálásí. Bí ọ̀nà bá jìn, wọ́n á dín ìrun ràkáà mẹ́rin kù sí méjì, wọ́n á sì kó Àìlá pọ̀ mọ́ Àlásárì."

"Àláhù Akbárù! Àwọn tó ń gbọ́ wáàsí mi ò mọ ìyẹn. Táífù ńkọ́? Ṣé inú Mẹ́kà lẹ máa gbà?"

"Rárá, sà. Ọ̀nà tó yí ìlú náà po la máa ń gbà. Ó fi díẹ̀ jìn."

"Kí ẹ má baà fún àwọn àlejò Ọlọ́run pa! Hikmah, ṣé o gbọ́?"

Hikmah ń so okùn bàtà tó ti so tẹ́lẹ̀.

Ládánì ò tíì pe ìrun dé àárín tí fèrè Oyíndà fi dún. Àwọn ọmọ ṣe àlùwàlá, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Oyíndà fúnra rẹ̀ jókòó ti àwọn báàgì wọn, ó dorí kodò. Salaudeen mọ̀ pé ọjọ́ kan máa ń wà tí obìnrin kì í kírun, ó sì fi ìtìjú gbé ojú kúrò. Kò béèrè èyí tó kù nínú ìbéèrè rẹ̀.

Síbẹ̀, kò fẹ́ dá a yàn. Lọ́jọ́ Àlàrùba, ó lọ sí Mẹ́kà, ó ṣe Ùmúrà, ó sì kí ràkáà méjì tí Mùsùlùmí fi ń bẹ Ọlọ́run pé kó bá òun yàn.

"Olúwa, mi ò gbọ́n tó. Bá mi yan ẹni tí kò ní jẹ́ kí ọmọ mi gbàgbé Rẹ. Ẹni tí O bá yàn, mi ò ní yí i padà."

Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ bí omi inú ìkòkò. Ní àdúgbò Jarwal ní Mẹ́kà, lẹ́nu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ó pe Ṣìkẹ́ pé kó fa fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ Shahad ya.

"Ṣé ó dá ọ lójú? Kò ṣeé lẹ̀ padà o."

"Níwájú Káábà ni mo ti ń bọ̀ yìí."

Ó gbọ́ tí bébà náà ya. Lẹ́yìn náà ló pe Oyíndà.

"Àlàájà, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló bá mi yàn yín! Bí ẹ bá ń ti Táífù bọ̀, ẹ kó àwọn ọmọ yà sí Mẹ́kà, kí èmi àtẹ̀yin jọ ṣe Ùmúrà ìdúpẹ́."



"Ẹ ṣeun, sà, àwọn ọmọ lè yà, ṣùgbọ́n ìta ìlú ni màá ti dúró dè wọ́n, torí Kristẹni ni mí, bàbá mi tó jẹ́ olùṣọ́ ìjọ ní Iléṣà ló kọ́ mi pé ọmọ tí wọ́n bá fà lé mi lọ́wọ́, mi ò gbọdọ̀ jẹ́ kí àkókò àdúrà rẹ̀ fò ó."