Apá Ọ̀tún Pápá

Ọ̀sán Sátidé kan ní oṣù karùn-ún, ìsinmi ìdajì eré, góòlù kọ̀ọ̀kan ló wà láàárín ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Thames View àti ti Rush Green. Ọ̀mì ti tó Rush Green láti gba ife. Thames View gbọ́dọ̀ borí ni.

Ó sì ti rẹ̀ wọ́n. Láti oṣù kejì ló ti ń rẹ̀ wọ́n. Godswill, balógun wọn, ti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tó ti ń ṣiṣẹ́ bọ́ sí pápá tààrà, kò sùn. Moṣọpẹ́ di orúnkún mú. Ẹsẹ̀ gbogbo wọn wúwo bí àpò ìrẹsì.

Ìbíwùmí, ìyá Dúrójayé, gbé ike ọsàn rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Opó ni, Dúrójayé nìkan ló bí. Tẹ́lẹ̀ kì í ráyè wá wo eré, kì í fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ní báyìí, gbogbo Sátidé ló ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ọsàn mọ́kànlá ló máa ń bó, kì í dín, kì í lé.

Ọsàn kan ṣẹ́ kù nínú ike. Ethan, ọmọ àdúgbò Upney tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wọn lọ́sẹ̀ yẹn, nawọ́ sí i. Ìbíwùmí gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù.

"Olójúkòkòrò! Ó ní ẹni tó ni ín."

"Sorry, Mummy." Ó yíjú sí Adéyanjú, kóòṣì wọn. "Kóòṣì, ẹ jẹ́ n wọlé jàre. Wọ́n ti kú tán, ẹ wò wọ́n. Ẹ fi mí sápá ọ̀tún."

"Ẹnìkan wà níbẹ̀."

"Ta ni?"

"Dúrójayé. Kò tíì rẹ̀ ẹ́."

Ethan wo apá ọ̀tún pápá. Ó wo Ìbíwùmí. Ó jókòó.

Adéyanjú bẹ̀rẹ̀ sáàárín wọn. "Mo ti ṣèlérí fún Mummy pé ife yìí máa dé ọwọ́ wọn lónìí. Kí ni Dúrójayé máa ń sọ?"

Wọ́n jọ dáhùn, ohùn wọn ò ròkè. "Tó bá ti rẹ̀ yín, ẹ gbé e sọ́dọ̀ mi."

"Ó dáa. Ẹ dìde."

Wọ́n dìde. Wọ́n sáré bí ẹni tí wọ́n ń ṣọ́.

Ó ku ìṣẹ́jú méjì, ẹsẹ̀ Godswill ò gbé e mọ́. Kò gbójú sókè. Ó gbá bọ́ọ̀lù sápá ọ̀tún. Ọmọ Rush Green tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ti dúró, ó ti nawọ́ sókè, ó rò pé bọ́ọ̀lù máa jáde. Bọ́ọ̀lù lu igi àsíá igun, ó padà wọlé. Ẹsẹ̀ Moṣọpẹ́ ló bá. Góòlù.

"O ṣé, Dúró!" Godswill pariwo.

Nígbà tí wọ́n gba ife, wọn ò gbé e sókè. Wọ́n gbé e fún Ìbíwùmí. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ bí aláṣọ funfun tó fẹ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó rìn lọ sápá ọ̀tún, ó gbé ife àti ọsàn kan tó kù sórí koríko.

Ìyá kì í mọ sàréè ọmọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò sọ ibi tí wọ́n sin Dúrójayé sí lóṣù kejì fún un. Ìdí nìyẹn tí àwọn mẹ́wàá yìí fi ń sáré ti mọ́kànlá, tí wọ́n fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, kí ìyá rẹ̀ lè ní ibi tí yóò máa wá.