Ojú Ẹran, Ojú Ẹlẹ́ran

"Má wo ẹni tó di okùn mú o," ọ̀gá tó ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan bí wọ́n ṣe ń ṣe adájọ́ níbi ìdíje màlúù ti kì í nílọ̀. "Ojú ẹlẹ́ran kì í jẹ́ ká rí àbùkù ẹran."

Akẹ́kọ̀ọ́ náà kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ya ẹnu màlúù dúdú tó kẹ́yìn, ó fọwọ́ tọ eegun ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní kí wọ́n fà á rìn díẹ̀.

"Ó lẹ́wà lóòótọ́," ó gbóhùn sókè kí gbogbo èrò lè gbọ́, "ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fún wàrà lára àwọ̀. Ẹ̀yìn ti tẹ̀, ẹsẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Àkẹ́bàjẹ́ ni. Ẹni tó sìn ín ò mọ ẹran sìn."

Ọ̀gá ń wú ikọ́ tí kò ṣe é.

Ìgbà yẹn ló tó gbójú sókè. Ìyá ọmọ tó fẹ́ gbé níyàwó ló di okùn mú. Kò wo ilẹ̀ kó tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ìgbẹ́ màlúù.

"Dìde, ọkọ ọmọ mi," obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Òótọ́ lo sọ. Ọwọ́ tí mo fi sìn ín náà ni mo fi tọ́ ìyàwó rẹ."