Oògùn Aago Méje

Ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, Láoyè gbé oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí ìyàwó rẹ̀ pamọ́ láti àárọ̀ di alẹ́ láìsọ fún un, nítorí pé nọ́ọ̀sì Fadérera kò kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ òun kó tó fún un lóògùn náà. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀, Adépèlé, lóyún nígbà tí ọmọ ṣì wà lẹ́nu ọmú, Láoyè ní omi lásán ni oògùn nọ́ọ̀sì. Láti ìgbà náà ni kò ti kí Fadérera mọ́.

Láàárọ̀ yìí, tọkọtaya náà jókòó nílé Oyèlàmí ọmọ wọn. Bí aago méje ṣe lù, páálí irú oògùn yẹn tó wà lórí tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í ki ìyàwó ilé: "Àjọkẹ́, ọmọ ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, mo ti dé o!" Oyèlàmí sáré bu omi fún ìyàwó rẹ̀, bí òfin tuntun ṣe là á kalẹ̀ fún gbogbo ọkọ.

"Páálí tó mọ oríkì!" Láoyè mirí. "Ayé yìí mà dùn o."

Adépèlé bi Àjọkẹ́ pé, "Tó o bá wá pẹ́ kó o tó lò ó ńkọ́?"

"Màmá, kì í mú omi ọmú mi gbẹ, àmọ́ ó kórìíra pípẹ́. Tó bá ti ju wákàtí mẹ́ta lọ, kò dájú mọ́ pé á ṣiṣẹ́."

Adépèlé mí kanlẹ̀. "Èmi ni mo gbàgbé ibi tí mo gbé tèmi sí lọ́jọ́ kan, alẹ́ ni mo tó rí i lò. Mo ba orúkọ Fadérera jẹ́. Lónìí ni n ó lọ bẹ̀ ẹ́."

Ó ti wọ bàtà kí Láoyè tó dìde.

"Ìyá Oyèlàmí, jókòó. Èmi ni kí n lọ bẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo gbé oògùn rẹ pamọ́ lọ́jọ́ náà."