Orúkọ Fún Ẹranko Tó Ti Run

Aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀ nígbà tí Ìyá Búrọ́ọ̀ṣì, tó ti ń fọ egungun fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láti ọdún mọ́kànlélógún, jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìpàdé, páálí bàtà lórí itan rẹ̀. Lọ́jọ́ náà ni ìgbìmọ̀ fẹ́ sọ ẹranko kékeré kan lórúkọ, ajẹkòkòrò tó fara jọ asín, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti run láti ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Bàbá Ìyá Búrọ́ọ̀ṣì, tó ń dẹ páńpẹ́ létí irà, sọ títí ó fi kú pé ó ṣì wà. "Òpùrọ́" ni wọ́n kọ síwájú orúkọ rẹ̀ nínú fáìlì. Ọmọ rẹ̀ jogún páńpẹ́, ó jogún ọ̀rọ̀ yẹn náà, ó sì fẹ́ kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ní nǹkan tí mo fẹ́ fi hàn yín nípa ọ̀rọ̀ bàbá mi."

"Ìyá, ẹ ò sí nínú ètò," ni Akọ̀wé wí. "Ẹ dúró de 'Ọ̀rọ̀ tó kù'."

Ó dúró. Ìgbìmọ̀ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ kí ẹranko náà jẹ́ orúkọ Mínísítà. Ọ̀gá Àgbà fẹ́ kó jẹ́ orúkọ àna òun.

"Kí ni àna yín mọ̀ nípa ẹranko?"

"Kí ni Mínísítà mọ̀ nípa ohunkóhun?"

Aáyán kan gba orí bébà kọjá. Ọ̀gá Àgbà fi fáìlì lù ú pa. Ìyá Búrọ́ọ̀ṣì dìde, ó fi bébà ká òkú aáyán náà, ó fi í sápò.

"Ẹ wo ìmọ́tótó," Akọ̀wé ní.

Níkẹyìn wọ́n so orúkọ méjèèjì pọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n mí kanlẹ̀.

"Ohun tó dùn mí ni pé egungun àgbọ̀n kan ṣoṣo la ní. Odindi ni iṣẹ́ wa ń fẹ́. Ká ní ẹyọ kan ṣẹ́ kù, à bá pa á, ká rì í sínú ìgò, ká fi hàn aráyé pé lóòótọ́ ló wà."

"Ká tó kọ pé ó ti run," ni Ọ̀gá Àgbà wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni." Ọ̀jọ̀gbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó di imú. "Kí ló ń rùn báyìí?"

"Egungun ni sà," ni Ìyá Búrọ́ọ̀ṣì wí. Ó fún okùn páálí náà le sí i.

Ọ̀rọ̀ tó kù wá kàn.

"Ìyá, kí lẹ fẹ́ fi hàn wá?"

"Kò sí mọ́, sà."

"Ọ̀rọ̀ bàbá yín ńkọ́?"

Ó gbá páálí náà mọ́ra.

"Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ní aago mẹ́wàá ààbọ̀, wọ́n buwọ́ lùwé, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún ara wọn.

Lẹ́yìn iṣẹ́, Ìyá Búrọ́ọ̀ṣì wọkọ̀ lọ sétí irà, ó tú okùn páálí, ó ju aáyán náà sílẹ̀, ẹranko tó ti run láyé láti aago mẹ́wàá ààbọ̀ òwúrọ̀ sì gbé e, ó sá wọ inú koríko lọ.